Omi-Ò-Dànù àti Ẹṣin Pupa

Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́: èmi ni mo rán àga tí ọkọ mi ń jókòó lé. Iṣẹ́ àga mọ́tò ni mo ń ṣe. Mo ń gé fóòmù, mo ń rán awọ bò ó, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ẹni tó bá jókòó lé àga mi kì í fẹ́ dìde mọ́. Bí ẹ bá wá fẹ́ dá èèyàn lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má yọ tèmi sílẹ̀.

Ọkọ̀ ni ọkọ mi fi ń fa ẹṣin. Láyé àtijọ́ ẹṣin ló ń fa ọkọ̀, àmọ́ ayé ti yí padà. Ilé onírin kan ni, ó ní táyà mẹ́rin, ẹṣin méjì lè dúró nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tirela là ń pè é. Wọ́n á fi ìkọ́ so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ mi á sì wà á lọ sí pápá eré ìje, tàbí sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, tàbí sọ́dọ̀ ẹni tó ra ẹṣin. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣe é fún ilé ẹṣin kan ṣoṣo.

Omi-ò-dànù ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ife tánńganran kan ló fa orúkọ náà. Bó bá fẹ́ gbéra, á bu omi kún ife yìí, á gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú ara rẹ̀, á wá fi í wakọ̀ lọ, á fi í wakọ̀ bọ̀. Bí ẹ̀kán omi kan bá ta sílẹ̀, ojú rẹ̀ á fà ro títí ilẹ̀ á fi ṣú. Á ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Àwọn awakọ̀ tó kù á fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Èmi náà ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí, oorun ni mo sùn débi tí à ń lọ.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Mo bá rán àga tuntun fún un, fóòmù onípele mẹ́ta. Òun náà gbé ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti bá a pààrọ̀ sípíríìn rẹ̀ sí èyí tó rọ̀ tó sì ga, ni ọkọ̀ bá ga sókè bí obìnrin tó wọ bàtà gogoro. Ẹ̀yìn ò dùn ún mọ́. Inú gbogbo wa dùn. Ẹ fi àkókò yẹn sọ́kàn o.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìwà ẹṣin kan tí wọ́n ń pè ní Dúdú yí padà. Ẹṣin tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti ṣí ilẹ̀kùn tirela, fúnra rẹ̀ ló ń wọlé, ló wá di èyí tó ń dá gìrì bó bá ti rí i. Ó ń tàpá, ó ń fò sókè, ọjọ́ kan ó fi pátákò kán ìka ẹsẹ̀ ẹni tó ń fà á. Ọ̀gá ilé ẹṣin pe ọkọ mi, ó ní, "Omi-ò-dànù, ìwọ lo mọ̀ wọ́n jù. Kí ló ń ṣe é?"

Ọkọ mi ní, "Ọ̀gá, orí ẹ̀ ti dàrú."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Dókítà ẹranko wá, ó gún Dúdú lábẹ́rẹ́ ikú, ẹṣin ńlá náà wó lulẹ̀, ó parí. Ọkọ mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ní kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i, mo sì gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ wá kan Pupa lọ́dún yìí. Ẹ̀yin ò mọ Pupa. Ọkọ mi ló gbẹ̀bí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ìyá ẹṣin náà bí i sí. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìròyìn Pupa ni màá kọ́kọ́ gbọ́ kó tó bi mí pé ara mi ńkọ́. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé orogún ni wọ́n mú wá fún mi láìsọ fún mi. Pupa yìí náà ló tún kọ tirela sílẹ̀. Bó bá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, á dúró gbọn-in, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n rìrì, òógùn á bò ó. Bí wọ́n bá sì fi agbára tì í wọlé, kí wọ́n tó gbé e débi tó ń lọ, ìbàdí rẹ̀ á ti bó.

Ìyẹn ì bá má ti jẹ́ nǹkan, àmọ́ onílẹ̀ gba ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ẹṣin. Gbogbo ẹṣin gbọ́dọ̀ kó lọ sí ibùdó tuntun, ìrìn wákàtí mẹ́ta, kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ẹṣin tí kò bá wọ tirela láàárọ̀ ọjọ́ náà, dókítà ẹranko á wá yanjú rẹ̀. Ó wá yíjú sí ọkọ mi: "Àbí orí tiẹ̀ náà ti dàrú ni?"

Ọkọ mi kọrí sílé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ó délé, ó jókòó, kò bọ́ bàtà. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, bá mi rán fóòmù sí ara ògiri tirela yẹn. Bóyá bí ìbàdí rẹ̀ ò bá bó mọ́, á gbà láti wọlé."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú téèpù àti ẹfun tí mo fi ń sàmì, mo lọ. Wọ́n ti so tirela mọ́ ọkọ̀, torí ọkọ mi fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí táyà rẹ̀, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mo wọ inú tirela, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Mo ní, "Ẹ máa wà á lọ, màá máa wọ̀n ọ́n lọ́nà." Ìwà òmùgọ̀ ni, mo mọ̀. Àmọ́ bí mo bá ti ń ṣiṣẹ́, n kì í fẹ́ dáwọ́ dúró.

A ò tíì jáde ní ẹnu géètì tí mo ti ṣubú.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ ti kọlu nǹkan ni. Mo dìde, ilẹ̀ tún gbá mi látẹ́sẹ̀ wá, eyín mi pàdé ara wọn, mo gé ahọ́n mi jẹ. Ilẹ̀ tirela ò dọ́gba: iwájú rẹ̀ gbé sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ìgbà téèyàn dúró lórí òrùlé. Bí táyà bá ko kòtò kékeré kan, gbogbo ilé irin náà á fò, á já lulẹ̀, á tún fò, kó tó fara balẹ̀ a ti ko òmíràn. Ariwo irin gbà mí létí. Téèpù mi fò lọ, n kò mọ ibi tó gbà. Mo pariwo, "Yéè! Ẹ dúró o! Mo kú o!" Ta ló fẹ́ gbọ́? Ọkọ mi ti gbé gíláàsì sókè, ó ń kọrin nínú àga mi. Nígbà tí a dé kọ́nà, ó gbé mi lọ lu ògiri, gbà! Ibi tí mo fi gbá ògiri náà, ìbàdí mi ni. Ọ̀gangan ibi tí Pupa ti bó gan-an.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Pupa ti yé mi. Mo di irin mú, mo ń sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí ọkọ mi ṣílẹ̀kùn, ẹ̀rín ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o ti wọ̀n ọ́n tán?"

Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, "ẹ" ni mo ń pè é, ìjà tàbí àlàáfíà. Lọ́jọ́ náà, ó bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ìwọ! Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ohun tó o ń ṣe fún àwọn ẹṣin láti ọjọ́ yìí nìyí?"

Ẹnu yà á. Kò tiẹ̀ bínú. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú ọkọ̀, ó nawọ́ sí ife rẹ̀. Omi kún un dé etí, kò dín. Ó ní, "Ṣé ò ń rí i? Kò dànù. Ẹ̀sọ̀ ni mo fi wà á."

Mo ní kó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Mo ní kó wọ ẹ̀yìn, kó dúró síbi tí Pupa ń dúró sí. Ó rí ojú mi, ó wọlé. Èmi náà mọ ọkọ̀ wà, mọ́tò oníbàárà ni mo ń gbé wọlé gbé jáde lójoojúmọ́. Mo gba ọ̀nà kan náà lọ, mo sì ṣẹ́rí padà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù rèé, àní ju ìgbà tí mo ṣubú lọ: n kò gbọ́ nǹkan kan. Àga rọ̀ mí nídìí. Omi inú ife ò mì. Ọkọ mi wà lẹ́yìn mi níbẹ̀, tí irin ń gbé e jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, ara tù mí bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, orí eékún ló wà. Fìlà rẹ̀ ti lọ. Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ẹṣin ò sì lè sọ̀rọ̀."

Bàbá àgbàlagbà tó ni ṣọ́ọ̀bù náà wọ abẹ́ tirela. Kò pẹ́ tó fi jáde. Ó ní àwọn ṣọ́ọ̀kì tirela, tó yẹ kó máa mú kí sípíríìn fara balẹ̀, ti kú, òróró inú wọn ti jò tán. Ó tẹ táyà wò, ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n máa fẹ́ ẹ báyìí? Táyà abí òkúta?" Ọkọ mi ní òun ni, òun rò pé ẹrù tó wúwo, táyà líle ló ń gbé e. Bàbá wá ní kí wọ́n gbé ife omi wá. Ó gbé e sí ilẹ̀ tirela. Omi ya sẹ́yìn, ó ṣàn sílẹ̀ lójú wa.

Ó ní, "Ẹ wò ó. Ìdí ọkọ̀ yín ti ga jù fún tirela yìí. Ó gbé imú rẹ̀ sókè, gbogbo ìwúwo wá lọ sẹ́yìn, ló ṣe ń fò. Ìgbà wo lẹ gbé ọkọ̀ yìí sókè?"

Ọkọ mi ní, "Ọdún méjì."

Mo wo ojú rẹ̀, òun náà wo tèmi. Àwa méjèèjì ń ka ọjọ́ sẹ́yìn. Bàbá rí i pé ojú wa ti yí, ó rò pé ọ̀rọ̀ tirela ni, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Yóò ṣeé ṣe."

Ó sì ṣeé ṣe lóòótọ́. Ṣọ́ọ̀kì tuntun, atẹ́gùn táyà dín kù, wọ́n wá jó irin ìkọ́ tó rẹlẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ títí omi inú ife fi dọ́gba. Èmi tẹ́ rọ́bà nínípọn sílẹ̀, mo rán fóòmù sára ògiri, iṣẹ́ tí mo fara ṣe ju ti àga ọkọ mi lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀, ó gbé tirela sínú pápá, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó jókòó sínú rẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni. Pupa dúró lókèèrè. Ó sún mọ́ ọn, ó sá. Ó tún padà, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ilẹ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì ti wà nínú ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá dé, dókítà ẹranko dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ọkọ mi wọlé ṣáájú, Pupa rọra tẹ̀ lé e, ó wọlé tán. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọkọ mi bu omi sínú ife, àmọ́ kò gbé e síwájú ara rẹ̀, inú ibi tí wọ́n ń kó koríko sí níwájú Pupa ló gbé e sí. Ó wà á yí pápá ká, ó gba ọ̀nà gbágungbàgun lẹ́yìn géètì, ó padà dé.

A sáré ṣílẹ̀kùn. Háà! Ife ti gbẹ. Ọ̀gá mi orí, ó ti ń wojú dókítà. Ọkọ mi wá fọwọ́ kan koríko àti ilẹ̀ tó yí ife ká. Gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ẹnu Pupa ló tutù. Ó ti mu omi náà tán, ó ń jẹ koríko rẹ̀, òógùn kankan ò sí lára rẹ̀.

Àwọn awakọ̀ hó yèè. Dókítà pa báàgì rẹ̀ dé. Ọ̀gá gbá ọkọ mi lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín: "Omi-ò-dànù! Orí ẹ̀ ò dàrú rárá!"

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku. Ó gbé ife náà sórí itan. Ó ní, "Dúdú ńkọ́?"

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín mọ́, dókítà ń wo bàtà ara rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bàbá mẹkáníìkì tù ú nínú, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, n kò lè sọ ọ́ jáde, torí agbè ti fọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ọkọ mi fi fọ́ ọ, àga tí mo rán ni ò sì jẹ́ kó mọ̀.

Pupa wà ní ibùdó tuntun báyìí, ó sanra. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pe ọkọ mi ní Omi-ò-dànù, kì í dáhùn.