Ohùn Tí Kò Ráyè

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi tọ́jú ohùn. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀rọ̀ nílé iṣẹ́ rédíò tó ń bá ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń já sí. Á kọ ọjọ́ sí i lára, á kọ orúkọ, á kọ iye ìṣẹ́jú, á wá tò ó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Màmá Téèpù ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá márùn-ún ló wá, tí wọ́n sì lọ. Òun ò lọ.

Yàrá tóóró. Fèrèsé kan tí wọn kì í ṣí, nítorí eruku. Àga kan tí tìmùtìmù rẹ̀ ti gba ìrísí ìdí rẹ̀ pátápátá, tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kì í lè jókòó sí i kó fara rọ.

Nígbà tó kọ́kọ́ wọṣẹ́, téèpù ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá, téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í bu bí búrẹ́dì tó pẹ́ nílé. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà ńlá kan, onírin, tó ń kùn bí agbọ́n, wọ́n ní kó da gbogbo ohùn sínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi dà á. Wọ́n kó àwọn téèpù náà dànù. Ohun gbogbo wá kù sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Ìkìlọ̀ kan wà lára ilẹ̀kùn: ohùn kankan kò gbọdọ̀ jáde níbí. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àwọn èèyàn bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́. Awakọ̀ ilé iṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ nítorí ìyá rẹ̀, tó wá sọ ìtàn lórí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó kú.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Tí mo bá ṣe é fún ìwọ, mo ti ṣe é fún gbogbo ayé nìyẹn."

Kò ṣe é fún ọkọ ara rẹ̀ pàápàá.

Ọkọ rẹ̀ náà, ilé iṣẹ́ yẹn ló ti ṣiṣẹ́. Ọdún méjìlélógún ló fi ń ka lẹ́tà àwọn olùgbọ́ láago mẹ́fà àárọ̀. Ohùn tó rọlẹ̀, tó wúwo díẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Àwọn kan wà tí wọn kì í dìde lórí ibùsùn àfi tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, jẹjẹrẹ mú un lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n gé ibi tí ohùn ń gbà jáde. Ó yè. Ohùn lọ. Síléètì ọmọ ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀kì ló wá fi ń sọ̀rọ̀.

Ó kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan: *Mo ti ń gbàgbé bó ṣe ń dún.*

Ìyàwó rẹ̀ kà á. Ó gba síléètì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún. Òfin ni òfin.

Àfi bí wọ́n ṣe ta ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó rà á fẹ́ fi ṣe ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn tó ń ra irin ti ra gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wá kó wọn. Màmá Téèpù bi ọ̀gá pé àwọn ohùn ńkọ́. Ọ̀gá ń di bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ẹni tó bá fẹ́ kó wọn, kó kó wọn."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Gbólóhùn kan.

Ó yẹ ẹ̀rọ ńlá náà wò. Ohùn inú rẹ̀ jẹ́ 480 gíìgì, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àyè inú kọ̀ǹpútà. Ó sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà, tó sì ń tún wọn ṣe. Dókítà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí pé kì í ṣí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú fún ẹbí aláìsàn. Lápútọ́ọ̀pù tuntun kan ṣoṣo ló kù lórí pẹpẹ. 500 ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Ogún á ṣẹ́ kù. Ó rà á.

Kò wo inú rẹ̀ bóyá 500 náà pé. Kí ló fẹ́ wò? Ẹni tó bá bá téèpù dàgbà mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe téèpù kì í ṣahun. Tí wọ́n bá kọ ọgọ́ta ìṣẹ́jú sára páálí, méjìlélọ́gọ́ta ni wàá bá nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Èènì, kí ọ̀rọ̀ má baà gé mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́, kò tíì rí páálí kan tí iye tó wà lára rẹ̀ ju ti inú rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀. Ó fi wáyà so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, ó ń da ohùn láti inú ìkan sínú èkejì. Ẹ̀rọ ńlá ti darúgbó, gíìgì mẹ́wàá ni agbára rẹ̀ mọ ní wákàtí kan. Ti àwọn ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ ń dà. Ìyá awakọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ àwọn aboyún. Ìkéde àwọn ọmọ tó sọ nù. Bọ́ọ̀lù. Àwọn arúgbó tó ń sọ bí ìlú ṣe rí kí títì tó dé. Ti ọkọ rẹ̀ jẹ́ gíìgì 56; ó fi í sẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹni tí wọ́n gbé abọ́ lé lọ́wọ́ pé kó pín, kì í kọ́kọ́ bu tirẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Lọ́la, wàá gbọ́ ara rẹ."

Ọkọ rẹ̀ kọ ọ́ pé: *Kí n fá irùngbọ̀n nìyẹn.*

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí aago méjìlá ṣe ń kọjá, ti àwọn ẹlòmíràn parí. Ó ní kí ti ọkọ òun máa bọ̀. Ẹ̀rọ tuntun kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé kò sí àyè. Ó rò pé òun ṣi nǹkan tẹ̀ ni. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Àyè tó kù: gíìgì kan.

Ó gbé lápútọ́ọ̀pù náà mọ́ àyà láì pa á dé, ó sọdá títì.

"Dókítà, ta ló jẹ lára rẹ̀?"

"Lára kí ni, Màmá?"

"500 lẹ tà fún mi. 465 ni mo rí níbí."

"Mi ò jẹ ẹ́ o. Ká ní ó ṣe é jẹ ni, mi ò ní rù báyìí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wò ó lójú, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ jókòó, Màmá. Àwọn tó ṣe é ò parọ́. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹgbẹ̀rún ni ẹgbẹ̀rún. Kọ̀ǹpútà ni kò mọ ẹgbẹ̀rún. Ìlọ́po méjì ló mọ̀. Méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún jù nínú ìkà tirẹ̀ ni 1,024, òun ló sì ń pè ní ẹgbẹ̀rún. Nísàlẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kó tó dé gíìgì, ó ti ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ìyàtọ̀ ti gun orí ara wọn. 500 tiwọn ni 465 tirẹ̀. Aṣọ kan náà ni. Apá ẹni tó wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀."

"Ẹ̀rọ wa àtijọ́ ńkọ́?"

"Apá gígùn lòun náà ń lò. 480 tiyín yẹn, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe èyí, wọ́n á ní ó lé ní 515."

"Ká gbà pé 465 ni. 424 péré ni mo dà sínú rẹ̀, ó lóun ti yó."

"Ògiri ńkọ́, Màmá? Ẹni tó kọ́lé, ṣé ògiri ò gbà lára ilẹ̀ ni? Ètò tó ń mú un ṣiṣẹ́, inú ibẹ̀ ló ń gbé. Wọ́n sì tún fi igun kan pamọ́ tí ẹ ò lè rí, kó lè jí ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kú."

"Ó ń jí ara rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó kúkú dáa fún un."

Ó béèrè ohun mìíràn tí òun lè da ohùn sí. Ó di ọjọ́ Ajé, Dókítà ní, ọjà ti tán. Àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì ńkọ́? Aláìsàn ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó ń mí. Ó pe ọ̀gá lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Ọ̀gá ní wọ́n ti sanwó, Màmá, ohun tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ kì í ṣe tiwa mọ́.

"Ẹ yọ nǹkan kúrò," Dókítà ní. Ó rọra sọ ọ́.

Ó padà sí yàrá. Ó jókòó. Aago kan ọ̀sán ti kọjá.

Ta ni kó yọ? Ìyá awakọ̀? Ó ti sọ fún awakọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ó ti wọlé. Àwọn ọmọ tó sọ nù? Àwọn kan nínú wọn, inú ìkéde yẹn nìkan ni wọ́n ṣì wà. Nọ́ọ̀sì. Àwọn arúgbó. Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pa wọ́n dé. Ọwọ́ tó ti ń tọ́jú kò mọ bí wọ́n ṣe ń jù nù. Ní ìgbẹ̀yìn, ó mú bọ́ọ̀lù. Ọgọ́ta gíìgì. Àwọn ọkùnrin tó ń pariwo lé bọ́ọ̀lù tó ti wọlé tipẹ́. Ó pa á rẹ́.

Àyè tó kù: gíìgì kan.

Ó wò ó. Ó tún wò ó. Ó pe Dókítà, kò gbé e. Ó sáré sọdá, ó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà ti lọ tún ẹ̀rọ ṣe nílé ẹnì kan. Ó ń pè é, ó ń pè é. Nígbà tó gbé e, aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú.

"Inú agbọ̀n ìdọ̀tí ẹ̀rọ náà ló ṣì wà, Màmá. Ẹ wá da agbọ̀n yẹn nù gan-an gan-an."

"Kí ló ń fi ohun tí mo ti jù nù ṣe?"

"Wọ́n ní bóyá ẹ máa yí èrò padà."

Ó da agbọ̀n nù. Àyè yọ. Aago mẹ́ta ku díẹ̀. Kò sí àkókò fún gbogbo rẹ̀ mọ́, wákàtí kan àti díẹ̀ kò lè gbé ju gíìgì mọ́kànlá lọ. Ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sí ọdún kìíní. Kò rò ó. Láti ọjọ́ tó ti ń to nǹkan, ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ra irin dé, ọkùnrin mẹ́ta, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ṣé èyí tó ń kùn yìí náà wà níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kó parí."

"Ìgbà wo ló máa parí?"

Wọ́n dúró. Ká sọ òótọ́, wọ́n dúró. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bá a mú omi wá. Wọ́n kó gbogbo yàrá yòókù tán kí wọ́n tó padà wá. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa wáyà yọ lára ògiri. Ìkùn náà dákẹ́. Ọdún mẹ́rin ló wọlé, nínú méjìlélógún.

Ọkọ rẹ̀ ti fá irùngbọ̀n. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. Ó ti gbé àga méjì súnmọ́ tábìlì.

"Kò gbà tán," ìyàwó ní. "Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ni mo rí mú."

Ọkùnrin náà mi orí pé kó tàn án.

Ohùn jáde. Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ohùn líle, tó ń lọ sókè ní ìparí gbólóhùn, tó ń na ọ̀rọ̀ bí ẹni ń na rọ́bà. Ọkùnrin náà tẹ́tí. Ìyàwó yí i sí ọdún kejì. Ó yí i sí ẹ̀kẹrin. Bákan náà.

Ọkọ rẹ̀ fa síléètì mọ́ra. Ó kọ ọ́ pé:

*Ọ̀gá mi nìyẹn.*

Ìgbà yẹn ni ìyàwó rántí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó ṣíwájú rẹ̀ nídìí lẹ́tà kíkà, àwọn olùgbọ́ ń bínú pé ohùn ti yí padà. Ilé iṣẹ́ ní kó máa sọ̀rọ̀ bíi ti ọkùnrin àkọ́kọ́ títí ìlú á fi gbàgbé. Ọdún márùn-ún ló fi sín in jẹ. Ọdún kẹfà ló tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu tirẹ̀. Òun ìyàwó ló kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, òun ló fa ìlà sí i nídìí.

"Ìwọ náà ni," ó ní. "Ẹnu rẹ ló ti jáde."

Ọkọ rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ nu síléètì. *Rárá.* Ó tún nù ún. *Pa á.*

Ó pa á. Àwòrán tó ń fi àyè hàn ló kù lójú ẹ̀rọ: gíìgì àádọ́ta, òfìfo, funfun báláú. Àyè ti wá pọ̀ báyìí. Ọkọ rẹ̀ rí i, ó fi ìka kàn án, ó wá gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bi í pé kí ni wọn yóò fi síbẹ̀. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, bọ́tìnì kan lẹ́yìn òmíràn.