Omi Kíkan Lẹ́nu Ìyá Aláró

Ìka àárín ni Sìlífátù máa ń lò. Kì í ṣe ìka ìlábẹ̀, nítorí ata kì í tán lára ìyẹn. Yóò na ìka náà sójú omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe aró, yóò fi orí rẹ̀ kan omi náà bí ẹni ń fọwọ́ kan ìpéǹpéjú ọmọ tó sùn. Kò ní í rì í bọ inú. Yóò gbé e sókè, yóò jẹ́ kí ẹ̀kán kan jábọ́. Ìgbà náà ni ahọ́n yóò yọ síta, bíńtín, ìka yóò sì kàn án. Yóò pa ojú dé. Gbogbo ọgbà á dákẹ́.

Bí omi náà bá ta ahọ́n bí ẹ̀gún, tí ó wá yọ̀ lẹ́yìn náà bí ọṣẹ, ó ti mú nìyẹn. Wọn á dà á lé ewé ẹ̀lú lórí kó di aró. Bí ó bá mú jù, wọn á fi omi odò là á. Bí kò bá mú tó, wọn á tún un sẹ́ gba inú eérú tuntun kọjá. Kò sí ìwọ̀n mìíràn. Ahọ́n ni ìwọ̀n.

Nínú ọgbà aró yẹn ní Kemta, ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́ omi wò: ẹni tó ni ìkòkò. Àwọn yòókù lè sun èèpo kòkó di eérú. Wọ́n lè sẹ́ omi. Wọn kò gbọdọ̀ fi ahọ́n kàn án. Bí ìyá Sìlífátù ṣe ṣe é nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe ṣe é nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ìdí.

Ìkòkò mẹ́rin. Ọmọ kan ṣoṣo, ọkùnrin, Láwàlì, tó ń ta táyà ọkọ̀ ní Òkè-Ìlèwó. Sìlífátù kò bí obìnrin. Nítorí náà, nígbà tí Láwàlì gbé Bùsírátù wálé láti Òṣíẹ̀lẹ̀, ìyá ọkọ wo ọwọ́ ìyàwó kó tó wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ náà le. Ó ní, “Alhamdulillahi. Ìkòkò mi ti rí ẹni tí yóò jogún rẹ̀.”

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́ láìsí ìjà.

Ní ọdún 1980, ẹnu Sìlífátù bẹ̀rẹ̀ sí í kan.

Kò pè é ní àìsàn. Bí ó bá jẹun tán tó fẹ̀yìn lélẹ̀, omi kan á gun òkè láti ikùn, á gba àyà kọjá bí iná abẹ́ eérú, á dúró sí ọ̀fun. Kíkan. Kíkan bí omi ògì ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Á dìde jókòó, á tutọ́ sínú abọ́, á fi kán-ún díẹ̀ sẹ́nu. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kíkan náà ṣì wà lára ahọ́n. Ó fi pákò rin ín, kò lọ. Ó fi omi iyọ̀ fọ ẹnu, kò lọ. Ó gbà pé àgbà ló dé. Àgbà kì í dé lọ́wọ́ òfo.

Ọdún náà gan-an ni aró bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀.

Kì í ṣe lójoojúmọ́. Lónìí, aṣọ á jáde bó ṣe yẹ. Lọ́la, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì á bàjẹ́. Sìlífátù á tọ́ omi wò, á ní kò mú. Bùsírátù á tún un sẹ́. Kò mú. Á tún un sẹ́. Báyìí fún ọdún mẹ́ta. Oníbàárà ń dín, ohùn ìyá ọkọ ń ga sí i.

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ tú, Beatrice ló wà níbẹ̀. Ìyá Dìran ni wọ́n ń pè é, ìyàwó tíṣà, ará ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ wọn lọ tà ní Ìtọ́kù. Obìnrin mẹ́fà mìíràn bá a wá. Wọ́n ti fi ẹ̀kọ ya ẹyẹ àti ewé sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró kò gbọdọ̀ dé. Wọ́n fa aṣọ àkọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò. Dúdú láti etí dé etí. Kò sí ẹyẹ. Kò sí ewé.

Ìyá Dìran tẹ́ ẹ sójú oòrùn. “Ìyá Láwàlì, ẹ wá bá mi wò ó. Ẹyẹ tí a yà síbí ńkọ́? Àbí ó ti fò lọ?”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Sìlífátù kò rẹ́rìn-ín.

“Bùsírátù! Eérú wo lo sẹ́?”

“Eérú kòkó ni, Ìyá. Ti Òṣíẹ̀lẹ̀. Èyí tí a ń lò látọjọ́ yìí náà ni.”

“Irọ́! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kí o tún omi yẹn sẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta, kò mú. Eérú ìdáná lo fi lú u.”

Bùsírátù kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. “Ẹ má bínú, Ìyá. Ó ti mú láti ìgbà àkọ́kọ́. Ó mú jù ni. Òun ló jẹ ẹ̀kọ kúrò lára aṣọ.”

“Báwo ni ìwọ ṣe mọ̀?”

Adìyẹ kan ń tan ilẹ̀ lẹ́bàá àjẹrẹ̀, ìkòkò onihò tí wọ́n fi ń sẹ́ omi eérú.

“Mo tọ́ ọ wò.”

Ọwọ́ Ìyá Dìran re ẹnu. Sìlífátù kọ́kọ́ wò bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

“Èmi ṣì wà láàyè! O ti fi ẹnu kan ìkòkò mi? Ahọ́n àná! Ahọ́n tí omi ọmú kò tíì gbẹ lára rẹ̀!” Ó kọjú sí àwọn obìnrin. “Ẹ ti rí i báyìí? Ẹ máa ń bi mí ohun tó ń ṣe aró mi. Òun nìyí. Abaró-jẹ́. Ọdún mẹ́ta ló ti ń bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Orúkọ náà lẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé Ìtọ́kù.

Láwàlì ní kí ni kí òun wí, ṣebí Ìyá ló ni ìkòkò. Bùsírátù di ẹrù rẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ sí ọgbà aró kejì ní Kemta, ó ní kí wọ́n fún òun níṣẹ́. Wọ́n wò ó lókè wò ó nílẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé ìwọ kọ́ ni Abaró-jẹ́?” Ó kọjá sí ilé ìyá rẹ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Láwàlì ní òun á lọ mú un wá tí inú bá rọ̀. Inú ta ni? Kò sọ. Kò lọ.

Ààwẹ̀ dé. Sìlífátù jẹ sààrì tán ní òwúrọ̀ kan, ó dùbúlẹ̀, omi kíkan náà sì yà gba ọ̀nà èémí. Ó wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Láwàlì gbé e sọ́kọ̀, ó di ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òkè-Ìlèwó.

Dókítà Olúṣẹ̀yẹ kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ. Ó fara balẹ̀ bi í léèrè. Níbo ló ti ń jó? Ìgbà wo ló máa ń gòkè? Ṣé ẹnu máa ń kan?

“Ọdún mẹ́ta,” ni Sìlífátù wí.

“Màmá, ọdún mẹ́ta, ẹ ò sì rí ẹnì kankan?”

“Ikùn mi ni. Ta ni kí n lọ fi ikùn mi hàn?”

Dókítà ní, “Ilẹ̀kùn kan wà láàárín ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn. Tiyín kò tì dáadáa mọ́. Ikùn gbogbo wa ló ń ṣe omi kíkan, òun ló fi ń lọ oúnjẹ. Tiyín ló ń bá ilẹ̀kùn yẹn jáde.” Ó kọ orúkọ oògùn sínú ìwé: simẹtidíìnì. “Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kò ní í ti ilẹ̀kùn o. Yóò sọ fún ikùn pé kó dín omi yẹn kù ni.”

“Ọmọ mi, oògùn á wá máa bá ikùn sọ̀rọ̀?”

“Ikùn sì máa ń gbọ́, Màmá. Ó ń gbọ́ràn ju ọkọ lọ.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún wúkọ́. Dókítà ní kó má ṣe jẹun kó sùn lé e, kó fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé ìhà orí bẹ́ẹ̀dì sókè, kó fi kán-ún sílẹ̀. Ní ti ààwẹ̀, ó ní aláìsàn ni, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, orí ń fò ó díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó sùn mọ́jú láìtutọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ó bu omi mu nínú àmù, ó sì dúró. Ó tún bù ú. Omi náà dùn. Omi lásán. Ó ti gbàgbé pé ó ní adùn.

Ayọ̀ gbé e dé ọgbà. Àpò eérú tí Bùsírátù rà gbẹ̀yìn ṣì wà lábẹ́ òrùlé, kò ju ìlàjì lọ. Sìlífátù kó o sínú àjẹrẹ̀ fúnra rẹ̀, bí Bùsírátù ṣe ń kó o, ó da omi lé e. Ó dúró kó kán tán. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sẹ́ ẹ. Ó tọ́ ọ wò.

Ó ta á bí àkeekèé. Ó tutọ́, ó sáré bomi sẹ́nu, ahọ́n ti bó.

Ẹ̀ẹ̀kan péré. Eérú kan náà.

Ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, kò sì nílò ẹni tí yóò sọ. Ahọ́n tó ti kún fún kíkan kò lè gbọ́ títa eérú. Òun ló ní kí wọ́n tún un sẹ́. Òun, nígbà gbogbo. Ọmọ yẹn tọ́ omi wò, ó sì mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì ó wọ ọkọ̀ Ìbàdàn, ó bọ́ sílẹ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ó bá Bùsírátù nídìí agbada, ó ń yan gàrí. Bùsírátù kúnlẹ̀ kí i. Ó bu omi fún un.

“Ẹ kú àtijọ́, Ìyá. Ṣé kò sí?”

“Mo wá mú ọ lọ sílé. Dókítà fún mi lóògùn. Ẹnu mi ti mọ́.”

“Ẹ kú ewu. Ọlọ́run ṣeun.” Ó padà sídìí gàrí, ó ń rò ó.

“Bùsírátù, eérú rẹ kò ní ẹ̀bi. Ẹnu mi ló ń kan.”

“Ẹnu yín ló kan, Ìyá. Ara mi lẹ tu ú sí.”

Sìlífátù wo ilẹ̀. Gàrí ń pariwo nínú agbada.

“Bẹ́ẹ̀ ni. Má bínú. Jẹ́ ká máa lọ.”

“Ẹ̀yin àti èmi la wà níbí, Ìyá. Níbo lẹ ti pè mí ní Abaró-jẹ́? Níwájú Ìyá Dìran ni, níwájú gbogbo wọn. Ẹ lọ sọ èyí náà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ẹ sọ ọ́, ilẹ̀ ò ní ṣú kí n tó dé.”

“Àgbàlagbà bíi tèmi?”

“Àgbàlagbà náà ló sọ ti ìṣáájú.”

Sìlífátù padà sí Kemta. Nínú ọkọ̀, ó ń bá ara rẹ̀ jà. Bí ó bá sọ ọ́, ó ti sọ pé ọdún mẹ́ta ni òun fi ahọ́n tó kú rẹ aṣọ fún wọn. Ta ni yóò tún gbé aṣọ wá? Orúkọ ìyá rẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá sọ ọ́, kò sí Bùsírátù. Ó dé ilé, ó ti pinnu pé òun á sọ ọ́.

Ọjọ́ ọjà pé. Àwọn obìnrin náà wá, Ìyá Dìran ló ṣáájú.

“Ìyá Láwàlì, ẹ kú ewu! Ẹ ti ń dán. Mo gbọ́ pé oògùn dókítà ṣiṣẹ́?”

“Ó ṣiṣẹ́.”

“Ẹ ò rí i? Abaró-jẹ́ lọ, àìsàn náà bá a lọ. Ilé ti mọ́!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá dákẹ́, nítorí Sìlífátù ti la ẹnu. Wọ́n ń wò ó. Ọ̀rọ̀ náà gòkè wá láti inú, ó gba àyà kọjá, ó dé ọ̀fun. Ó dúró síbẹ̀.

“Ẹ kú ọjà,” ló wí.

Bùsírátù kò padà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Láwàlì fẹ́ akọ̀wé báńkì kan, Títílọlá, tí kò fẹ́ kí aró kan èékánná òun. Sìlífátù lo oògùn rẹ̀ pé, àyà kò ta á mọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ ìkòkò mẹ́rin. Ní ọdún 1985, wọ́n kó àwọn ìkòkò náà kúrò, Láwàlì sì ń kó táyà sínú ọgbà náà.