Ajá Tó Ń Dọ̀bálẹ̀

Ajá bàbá ìyàwó mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó sì ku ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn alájá ń kọ orúkọ àwọn ajá tó ta yọ sí. Ògidì ajá Jámánì ni, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń lò. Etí rẹ̀ ṣì nàró, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti hu irun funfun, ìbàdí rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Ẹgbẹ́ ti kéde pé ajá tó bá ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ kò gbọdọ̀ díje. Ìyẹn ni pé ọdún yìí ni, tàbí kó má rí i gbà mọ́ láéláé. Ọ̀gá ilé ìwé ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ní gbogbo oṣù yẹn.

Kí ẹgbẹ́ tó gbà á sí ìdíje, wọ́n ní kí Bàbá fi fọ́tò ajá náà ránṣẹ́, kí ajá náà dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn l'Àkúrẹ́ ni mo ní kámẹ́rà, èmi náà ni wọ́n pè sí Oǹdó. Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá bó ṣe yẹ kí àna ṣe. Kí n tó dìde, ajá náà ti na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ó fi àyà lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ni Bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tó bá ti rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀, òun náà á dọ̀bálẹ̀. Àwọn ọmọ ilé kejì kò mọ̀ ọ́n ṣe tó ajá yìí."

"Ṣé ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dìde, Bàbá?"

"Ìyẹn ni kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn mọ́."

Kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn lóòótọ́. A gbé ìbàdí rẹ̀ sókè. Kí n tó dé ìdí kámẹ́rà, ó ti tún jókòó. A gbé e títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Ìgbà tí ìyá ìyàwó mi gbé orí ẹja gbígbẹ jáde láti ilé ìdáná ló tó dá dìde. Fọ́tò kan péré ni mo rí yà.

"Bàbá, ajá yìí ti darúgbó. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Ta ló ní kò sinmi? Ojoojúmọ́ ló ń sinmi. Ọjọ́ kan péré ni mo bẹ̀ ẹ́."

Pápá ilé ìwé kan l'Àkúrẹ́ ni ìdíje náà ti wáyé. Kí a tó wọlé, Bàbá di apá mi mú. "Lónìí, má dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọba bá kọjá, tẹríba."

Mo gbọ́. Láàárọ̀ yẹn, bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ni mo ṣe ń kí àwọn àgbà.

Adájọ́ jẹ́ bàbá olórí ewú kan tó wá láti Ìbàdàn. Ajá náà yí pápá ká. Obìnrin kan tó kó ajá tirẹ̀ wá láti Ìta-Ògbólú sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ wo èyí, ó ń rìn bí olóyè!" Ajá náà dúró. Adájọ́ yẹ eyín rẹ̀ wò, ó fọwọ́ tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ku ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ni ọkùnrin yìí bá gbójú sókè, ó rí mi nídìí kámẹ́rà.

"Ojú rẹ jọ ojú ẹnìkan ní Ìgbàrà-Òkè."

Mo dárúkọ bàbá mi.

"Háà! Bàbá rẹ nìyẹn? Àwo kan náà la jọ fi ń jẹun nílé ìwé!"

N kò ronú. Mo kàn rí i pé àyà mi ti wà lórí koríko ni. Ẹ̀rín bú jáde. Nígbà tí mo gbójú sókè, ajá náà ti nà gbalaja.

"Dìde!" ni Bàbá pariwo. Títí dòní n kò mọ ẹni tó ń bá wí nínú àwa méjèèjì. Èmi dìde. Ajá kò dìde.

"Ajá tó mọ àgbà!" ni obìnrin ará Ìta-Ògbólú wí, àwọn kan sì pàtẹ́wọ́. Adájọ́ ní sùúrù. Ó lóṣòó, ó pè é. Ajá náà ju ìrù. Bàbá na ẹja sí i. Ó jẹ ẹja náà lórí ìdùbúlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni adájọ́ wí, "ẹ̀kọ́ rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn nínú wa lọ. Ṣùgbọ́n òfin ni pé kó dá dúró fúnra rẹ̀." Ajá ọlọ́dún méjì kan tó gbó mọ́ adájọ́ lójú ló gba ìwé ẹ̀rí náà.

A padà sí Oǹdó. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Bàbá jókòó sí, orí ajá wà lórí itan rẹ̀. A gbé ajá náà sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá wá gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀.

"Oníròyìn, jókòó. Mú bírò. A ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ kí wọ́n fún un láàyè kan sí i. Kọ ọ́ pé ajá kò ṣẹ̀. Kọ ọ́ pé àna mi, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, ni mo kìlọ̀ fún tí kò gbọ́."

"Bàbá, ṣé dandan ni kí ọjọ́ orí mi wọ̀ ọ́?"

"Kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe ọmọdé ló ṣe é."

Mo kọ ọ́. Ó fi bírò pupa fa igi sábẹ́ ibi méjì, mo tún un kọ. Ó buwọ́ lù ú lókè. Èmi buwọ́ lù ú nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.