Irin Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì

Àárín àwọn ọdún ọgọ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn ilé tuntun Bódìjà ṣì ń rùn fún ọ̀dà, tí Agbówó sì jẹ́ abúlé tí ènìyàn ń gba inú oko kọjá sí. Èmi kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn òyìnbó kan ní Dúgbẹ̀, mo sì wà lára àwọn aṣojú ẹgbẹ́ wa nígbà ìbò. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń jáde ìwọ́de lónìí, ẹ ti gbọ́ ìtàn irin tó bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní kóòtù. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀kan nínú yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó mọ̀ ọ́n sọ, ó tiẹ̀ fi kún un pé àrá sán lọ́jọ́ náà. Àrá kankan kò sán. Oòrùn ló mú. Mo wà níbẹ̀, apá kan ìtàn náà sì wà lọ́wọ́ mi tí n kò tíì sọ fún yín.

Sájẹ́ǹtì Ògúndìran ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, àwọn tí à ń pè ní sí-áì-dì, tí kì í wọ aṣọ ọlọ́pàá. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Dúgbẹ̀ pé ó ń gba rìbá. Àwọn onífàyàwọ́ ń fún un, àwọn onímọ́tò ń fún un, ẹgbẹ́ tó wà lórí àléfà náà ń fún un kí ó lè máa sọ ibi tí àwa ti ń ṣèpàdé fún wọn. Ohun tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ ni ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, ó ń lé olè kan lórí òrùlé, ó já bọ́, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń gún un ní pẹ́tídìn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa ìrora fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Egungun jinná, àmọ́ ara rẹ̀ kò lè ṣe aláìgba abẹ́rẹ́ náà mọ́.

Ní àràárọ̀, kí a tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, ó máa ń gba ẹ̀yìn wọlé sí wa. Ọ̀gá mi, Alàgbà Olúgbọ́dì, tó ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti gbà láti máa fún un láìsí ìwé dókítà, nítorí Sájẹ́ǹtì ti rí àwọn oògùn kan lọ́dọ̀ wa tí wọn kò gba iwájú kọ́sítọ́ọ̀mù wọ̀lú. Èmi ni mo ń gún un. Ó ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni n kò ṣe nọ́ọ̀sì rí. Aṣọ funfun tí mo ń wọ̀ ti tó o. Bí mo bá gún un tán, ojú rẹ̀ á rọ̀, á béèrè ìyá mi tí ẹsẹ̀ ń dùn, á ní kí n bá òun kí i. Mo kórìíra ọkùnrin yìí tọkàntọkàn, bí mo bá sì délé, mo máa ń jíṣẹ́ rẹ̀ fún ìyá mi. Kò yé mi nígbà náà, kò sì tíì yé mi di báyìí.

Ọjọ́ ìbò dé. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Bódìjà ni ẹgbẹ́ wa fi èmi àti Tíṣà Láòyè sí. Tíṣà yìí ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ládùúgbò wa, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọkùnrin tínrín tí kì í gbóhùn sókè. A ka ìbò lójú gbogbo ènìyàn, àwa la wọlé. Nígbà tó yá ni òṣìṣẹ́ ìbò yọ ìwé mìíràn jáde, tí iye inú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ó ní kí a fọwọ́ sí i.

Tíṣà ní, "Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀gá. Ojú wo ni kí n fi wò wọ́n lọ́la?"

Kò fọwọ́ sí i. Èmi náà kò fọwọ́ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iye inú ìwé kejì yẹn ni rédíò kéde.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n dáná sun ilé ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ tó wà lórí àléfà ní Bódìjà. N kò mọ ẹni tó sun ún títí dòní. Wọ́n mú Tíṣà Láòyè ní ọjọ́ kejì. Lọ́yà wa pè wá jọ, ó ka ẹ̀sùn náà fún wa: Sájẹ́ǹtì Ògúndìran ní òun fi ojú ara òun rí Tíṣà ní aago márùn-ún ọjọ́ náà, tó gbé agolo bẹntiróòlù wọ ọgbà ilé yẹn lọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ ló wà nídìí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ilé ni Tíṣà wà ní aago márùn-ún, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, lọ́yà sì ní adájọ́ kò ní ka ẹ̀rí ìyàwó sí. Ìyàwó náà jókòó tì mí níbi ìpàdé, ọmọ oṣù mẹ́ta wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹnu lọ́yà ló ń wò.

Ní aago márùn-ún Ọjọ́rú yẹn, Sájẹ́ǹtì Ògúndìran kò sí ní Bódìjà. Ẹ̀yìn ilé ìtajà wa ní Dúgbẹ̀ ló wà, lórí àwọn páálí òfìfo. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà, ó ní ti àárọ̀ kò ràn án, kí n tún un ṣe, mo sì tún un ṣe. Láti aago mẹ́rin títí wọ́n fi pe ìrun Mọgaríbì, ó sùn fọnfọn débi pé mo ń lọ wò ó bóyá ó ṣì ń mí.

Bí mo bá sọ ọ́, Tíṣà á bọ́. Bí mo bá sọ ọ́, èmi àti ọ̀gá mi á wẹ̀wọ̀n nítorí abẹ́rẹ́ tí kò níwèé. Mo lọ sọ fún ọ̀gá mi. Àgbàlagbà náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí sìmẹ́ńtì, èmi tó lè bí lọ́mọ, ó ní kí n ṣàánú ilé òun. N kò rí irú rẹ̀ rí, ẹ̀rù sì bà mí ju ti ẹ̀wọ̀n lọ. Mo ní kí ó dìde, mo ní n kò ní sọ.

Ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́ pátápátá. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì tún dé láàárọ̀, mo mú abẹ́rẹ́ dání, mo ní, "Ọ̀dọ̀ wa níbí lẹ sùn lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, Sájẹ́ǹtì."

Ó ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Wọ́n ní mo rí i, Nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá ti ní mo rí i, mo ti rí i nìyẹn."

"Ọmọ rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́ta lọ."

"Èmi náà bímọ." Ó na apá sí mi. "Ta lo fẹ́ sọ fún? Lọ sọ fún un, kó wá bi ọ́ pé ta ló gún mi."

Mo gún un. Kí ni n bá tún ṣe?

Kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, a gbọ́ pé Sájẹ́ǹtì kò ní fi Bíbélì búra. Àwọn ọlọ́pàá ti fi Bíbélì parọ́ débi pé ìlú kò ka ìbúra wọn sí mọ́, nítorí náà àwọn tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ní kí ó di irin mú. Ògún ni wọ́n ń bọ nílé bàbá rẹ̀. Gbogbo ayé ló sì gbà pé ọmọ Ògún kò jẹ́ fi irin búra èké. Bí Ògúndìran bá di irin mú tó ní Tíṣà ni, kò sí ẹni tí yóò tún jiyàn, títí kan àwọn tó dìbò fún wa. Mo rí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ọkàn wọn ti ń ṣe méjì. Ọ̀kan bi mí pé ṣé kì í ṣe pé Tíṣà ṣe é lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, ìgò abẹ́rẹ́ kékeré mẹ́ta ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti kó wọn sínú àpamọ́wọ́ mi kó tó dé.

"Ó ti tán," mo wí fún un. "Ti Èkó kò tíì wọlé."

Ó wo àpamọ́wọ́ náà. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó.

"Nọ́ọ̀sì, má ṣe èyí fún mi lónìí."

"Ó ti tán, Sájẹ́ǹtì."

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó fi apá ẹ̀wù nu ojú, ó gba ẹ̀yìn jáde. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo ní lọ́kàn, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Bóyá mo rò pé kò ní lè dé kóòtù, kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Bóyá mo kàn fẹ́ kí ó jẹ̀yà ni. Àwọn méjèèjì jọ wà nínú mi, n kò sì mọ èyí tó jù.

Kóòtù kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìlà kẹta ni mo jókòó sí, àpamọ́wọ́ wà lórí ẹsẹ̀ mi, ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe Sájẹ́ǹtì, ó wọlé bí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ tí wọ́n fà dìde. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó sì ń yán léraléra. Akọ̀wé kóòtù na àdá pẹlẹbẹ kan sí i, èyí tí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì fi ń búra. Ó gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ kejì kún un, ìyẹn náà ń gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ pé òun fi Ògún búra, kò sì tíì parí ọ̀rọ̀ náà tí àdá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ró gbàgà lórí sìmẹ́ńtì.

Bàbá arúgbó kan lẹ́yìn mi wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ògún ti kọ̀ ọ́."

Ibẹ̀ ni ariwo ti bẹ́. Àwọn kan ti ń fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: akọ̀wé ní òun kò ní mú àdá nílẹ̀, ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ń wo òkè àjà, adájọ́ tó kàwé dé ìlú òyìnbó náà kò pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni mú un. Àdá wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí ẹjọ́ fi parí. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà nínú ilé yẹn, àwa méjì péré la mọ ohun tó ń gbọn ọwọ́ náà. Tàbí bóyá èmi nìkan ni. Bóyá òun fúnra rẹ̀ gbà pé Ògún ni, mo ti rò ó títí, n kò mọ̀.

Kò sí ẹni tó tún dárúkọ ìbúra. Agbẹjọ́rò ìjọba bi í pé kí ló rí ní aago márùn-ún. Ó ní òun kò rí nǹkan kan. Wọ́n ní ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí olùjẹ́jọ́. Ó ní wọ́n kọ ọ́ ni, òun kàn fọwọ́ sí i. Adájọ́ fúnra rẹ̀ wá tẹ̀ síwájú.

"Níbo lo wà ní aago márùn-ún?"

"Mo sùn, olúwa mi."

"Níbo lo sùn?"

Sájẹ́ǹtì gbójú sókè, ó ń wá ènìyàn kiri láàárín èrò títí ojú rẹ̀ fi bá mi. Ó wo àpamọ́wọ́ mi, ó tún wo ojú mi. Mo di àpamọ́wọ́ mú, mo ní tèmi ti bá mi. Ó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa fún un láàárọ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù kó fi san án fún mi.

"N kò lè rántí," ó wí.

Adájọ́ ní kí Tíṣà máa lọ sílé. Wọ́n gbé e sórí èjìká láti ibẹ̀ dé Dúgbẹ̀, wọ́n ń kọrin, èmi náà ń kọrin. Ìyàwó rẹ̀ sọ ọmọ náà sí mi lọ́wọ́, ó ń sunkún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ìlú ti ń sọ pé Ògún gbèjà wa. Ní ìpàdé gbangba tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí èmi tó wà níbẹ̀ bọ́ sórí pèpéle kí n ròyìn. Mo bọ́ sí i. Mo ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ó sì dùn mọ́ mi. Ẹ wò ó, bí ìtàn tí ẹ ń sọ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n lé Sájẹ́ǹtì lẹ́nu iṣẹ́. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọ̀sán gangan, ní òdìkejì títì tó kọjú sí ilé ìtajà wa. Ó ti rù. Ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, bó bá sọdá ni, n kò mọ̀ bóyá n bá fún un. Kò sọdá. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ó ti kú ní ìlú bàbá rẹ̀. Àwọn ènìyàn ní, ẹ ò rí i, Ògún ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo gbìyànjú láti sọ fún Tíṣà lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó ti di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ó ti fi ẹ̀rín dá mi dúró kí n tó débi ọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe Ògún, Jésù ni. Mo wo ọmọ tí wọ́n sọ sí mi lọ́wọ́ níjọ́sí, tó ti ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá fún wa, mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì.

Ẹ ní kí n sọ ohun tí a jèrè. Tíṣà kò wẹ̀wọ̀n, ó tọ́ ọmọ rẹ̀, ó kú sórí ibùsùn rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìbò wa ni kò padà. Ẹni tí rédíò kéde ló wọ ilé ìgbìmọ̀, títí sójà fi dé. Èyí tó ń dà mí láàmú ni pé a jáde lọ bá àwọn tó ń fi ìyà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn jà, èmi náà sì fi ìyà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tó jáde. Ṣé ìyẹn wá sọ ohun tí mo ṣe di rere? Mo ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ, n kò tíì rí ìdáhùn. Kí ló dé tí ọkùnrin tó ta gbogbo ènìyàn kò fi ta èmi tí mo ta á? Ìyẹn ni kò yé mi jù.

Ọ̀gá mi ti kú, adájọ́ ti kú, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi lè pa lára mọ́. Ìbéèrè adájọ́ ṣì wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó dáhùn rẹ̀, èmi ni ó sì yẹ kí n ti dìde ní ìlà kẹta lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ilé ìtajà wa ní Dúgbẹ̀ ló sùn sí, olúwa mi, lórí páálí òfìfo, láti aago mẹ́rin títí di ìrun Mọgaríbì. Èmi ni mo gún un.