Àga Ẹ̀yìn Di Ti Ìyá Ọkọ Mi

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ mi ò rìn àfi tí ìyá ọkọ mi bá jókòó sí àga ẹ̀yìn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rín tèmi, ìhà mi ṣì ń dùn mí.

Ẹyin ni mo ń gbé kiri, láti ilé adìẹ lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù àti hòtẹ́ẹ̀lì, ogójì kíréètì láràárọ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni ìyá ọkọ mi ń gbé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn, kò sì sí àbàwọ́n tí wọn ò mọ ìyá tó bí i. Wọ́n ga, wọ́n sanra, apá wọn le koko. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, gbogbo aṣọ inú ilé wa ló ń jìyà. Kọ́tìnnì tí mo fọ̀ lánàá, wọ́n á tún un fọ̀ lónìí. Ọkọ mi ò gbọdọ̀ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kó yíjú.

Àṣìṣe tiwa ni pé a ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. A rò pé à ń tọ́jú wọn ni. Wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń yí aṣọ po. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní àwọn máa kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi lọ́jọ́ Àìkú, torí ọmọ kékeré mẹ́ta ló wà lọ́hùn-ún, ìdọ̀tí ò sì tán níbẹ̀. "Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni Èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́," ni wọ́n wí. "Èèyàn tí ò níṣẹ́ nínú ilé, ẹrù ni." Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n, èmi náà bẹ̀ wọ́n. Wọ́n di báàgì, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Kí n má parọ́, ó dùn mí wọra. Ìyá tèmi ti kú tipẹ́, mi ò sì fẹ́ kí èyí náà lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni pọ́ǹpù tó ń fa epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi kú. Wọ́n bá mi fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ó-ti-parí, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó pààrọ̀ pọ́ǹpù, ó nuwọ́, ó ní, "Ìyá ẹlẹ́yin, ó ti parí."

Ó parí lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní oríta. Ó jí, ó rìn díẹ̀, ó tún kú. Bó ṣe ń ta gìrì báyìí ni ẹyin ń bá ara wọn jà lẹ́yìn, méjìdínlógún ló fọ́. Mo fi ìbínú já lu Ó-ti-parí. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ní epo tí mo rà ni ò dáa. Mo bi í pé ṣé epo ló pààrọ̀ pọ́ǹpù ni.

Lọ́jọ́rú, Màmá ní kí n gbé àwọn lọ dágbére fún àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí nílé ìwòsàn. Kíréètì ti kún iwájú, wọ́n bá jókòó sẹ́yìn, lápá ọ̀tún. Ẹ gbọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ọkọ̀ náà ń lọ, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. A débẹ̀, Màmá bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ kú. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò dáhùn. Wọ́n kí àwọn èèyàn wọn tán, wọ́n padà wá jókòó, mo yí i, ó dáhùn. Mo wo ẹ̀yìn, àwọn náà ń wò mí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀."

Wọ́n bọ́ sílẹ̀. Ó kú.

"Ẹ wọlé padà."

Wọ́n wọlé. Ó jí.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, wọ́n rọra ń sọ ọ́ kí ọkọ̀ má baà gbọ́, "ṣé èmi ni?"

Ẹ̀rín tá a rín níbẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ géètì wá bi wá pé èwo nínú wa ni aláìsàn.

Nírọ̀lẹ́, a fi ọkọ mi dán an wò. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀. Ó jókòó sáyè ìyá rẹ̀, ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Màmá ní, "Mo ti ń sọ fún un láti kékeré pé kó máa jẹun." A gbé àpò ìrẹsì kékeré síbẹ̀, ọkọ̀ ò tiẹ̀ dá a lóhùn. Màmá ti àpò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n jókòó, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í korin.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe di méjì nídìí iṣẹ́ ẹyin. Ó-ti-parí ní òun ò ráyè títí di Àbámẹ́ta, inú mi ò sì bàjẹ́ sí i. Lọ́jọ́bọ̀, Màmá ti wà nínú ọkọ̀ kí n tó fọ ẹnu. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti mọ àwọn oníbàárà mi jù mí lọ. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù kan tó máa ń gba ẹyin lọ́wọ́ mi bíi pé mo jẹ ẹ́ níyà, wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yọ ìpẹtà lára aṣọ funfun, ló bá sìn wá dé ìdí ọkọ̀. Alásè hòtẹ́ẹ̀lì fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n wo àbàwọ́n náà fínnífínní, wọ́n ní, "Omi tútù ló fẹ́, ìwọ wá ń fi omi gbígbóná sè é." Látìgbà náà, tí mo bá dá wọ ilé ìdáná wọn, "Màmá ńkọ́?" ni wọ́n fi ń kí mi. Tí mo bá sì sáré já kọ́nà, Màmá á pariwo látẹ̀yìn pé ẹyin ò ní egungun. Mò ń rẹ́rìn-ín lójú títì bí ẹni tí orí ẹ̀ ti yí.

Ṣùgbọ́n báàgì náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò tú u, èmi náà ò sì béèrè. Mò ń fò ó kọjá láràárọ̀.

Àbámẹ́ta dé. Nígbà tó ku ẹyin hòtẹ́ẹ̀lì nìkan, a yà sọ́dọ̀ Ó-ti-parí. Ó gbọ́ àlàyé mi tán, ó wo Màmá láti òkè délẹ̀, ó sì ṣí àga ẹ̀yìn. Abẹ́ àga yẹn gan-an ni pọ́ǹpù epo wà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Orí wáyà tó yẹ kó tẹ̀ wọnú pọ́ǹpù, ó kàn gbé e lé e lórí ni. Màmá ló ń bá a fi ìdí tẹ̀ ẹ́ láti Ọjọ́rú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó dún kẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn.

Èébú tí mo ti kó jọ de Ó-ti-parí tó kún agbọ̀n, àmọ́ Màmá ni ojú mi lọ bá. Màmá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di pọ́ọ̀sì wọn mú.

"Ọkọ̀ ti yá," ni wọ́n wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Máa lọ, má jẹ́ kí ẹyin pẹ́. Màá fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, mo ṣì fẹ́ to àwọn nǹkan mi."

Mo bọ́ sílẹ̀. "Màmá, mi ò fẹ́ kí ẹ lọ. Kì í ṣe torí ọkọ̀. Látìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀sẹ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ gbádùn ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́." Ojú Ó-ti-parí ni mo ti sọ ọ́, omi sì ti lé ròrò sí mi lójú.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n kó kíréètì tó wà lórí àga lọ sẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Wọ́n wá jókòó, wọ́n sì fa bẹ́líìtì.

"Nǹkan kan ti ń gún mi nídìí lẹ́yìn yẹn láti Ọjọ́rú," ni wọ́n wí. "Mi ò kàn fẹ́ sọ ni. Wa ọkọ̀, alásè ń retí wa. Tá a bá délé, bá mi pe àbúrò ọkọ ẹ, kó o sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ti ríṣẹ́."