Bísọ́lá gun kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà

Bísọ́lá tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Yábàá ti lọ rí ìyá mi àgbà, kò sì mọ̀.

Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbé kẹ̀kẹ́ lọ gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ìlú mi. Wọn ò pè mí. Kò sẹ́ni tó béèrè ìlú mi rí, èmi náà ò sì sọ.

Ó dé lónìí, ló bá ń fi fọ́tò hàn mí. Ibí ni wọ́n ti dúró wo àfonífojì. Ibí ni wọ́n ti fi omi àpáta bọ́jú. Gbogbo kọ́nà ọ̀nà yẹn ni mo mọ̀. Orí ẹ̀ ni mo ti kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn. Owú ń ta mí bí ata.

Fọ́tò tó kàn, ìyá mi àgbà rèé níwájú ilé wa, wọ́n ń bu omi fún àwọn Bísọ́lá.

Bísọ́lá ń rẹ́rìn-ín. "Màmá yìí pa wá lẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé Èkó la ti wá, wọ́n ní ṣé a mọ Àjọkẹ́ ọmọ àwọn. Bíi pé ojúlé kan ni gbogbo wa ń gbé."

"Kí lẹ wá sọ?"

"A ní a ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní tá a bá rí i, ká bá àwọn kí i."

Rúùtù ni wọ́n ń pè mí níbí. Ìyá mi àgbà nìkan ló ń pè mí ní Àjọkẹ́.

Mo ní, "Fọ́tò yẹn dáa."

Ó ti lọ wẹ̀. Ẹ tètè dá mi lóhùn kó tó jáde: ṣé kí n ní kó jíṣẹ́ tí wọ́n rán an, àbí kí n máa jowú mi lọ?