Kámíọ̀n Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Rìn

Nígbà tí ìjọba Ìyípadà ní kí a máa pe ara wa ní kámáráàdì, ọkọ mi ni ṣọfẹ́ẹ̀ tó ń wa kámíọ̀n ńlá tó ń kó àgbàdo àwọn àgbẹ̀ láti Idigny wá sí Kétu. Orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ kan ló fi kámíọ̀n náà ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tó dé, wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé wá kí i bí ẹni ń kí àna.

Kò pẹ́ tí fítẹ́sì rẹ̀, ìyẹn jíà ọkọ̀, fi bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ á bọ́ kúrò nínú fítẹ́sì fúnra rẹ̀, á máa sáré bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ọkọ mi lọ sọ fún dẹ́lẹ́gẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọba fi ṣe olórí ìlú wa. Àbíkẹ́yìn ìyá ọkọ mi ṣe ẹ̀gbọ́n fún un, síbẹ̀ "ìwọ" ló ń pe ọkọ mi. Ó ní Ìyípadà ti fòpin sí "ẹ̀yin". Ó ní ọkọ̀ tí àwọn arákùnrin wa fi ránṣẹ́ kò lè lábùkù, pé ọ̀tá ará ìlú ló ń wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú ọkọ mi dúró níwájú ìpàdé kó tọrọ àforíjì. Ó tọrọ rẹ̀. Èmi ni inú ń bí.

Lọ́jọ́ ọjà kan, mo jókòó tì í níwájú, àwọn alágbàrù sì wà lórí àpò àgbàdo lẹ́yìn. Bí a ṣe dorí kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nǹkan kan ró gbàù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọkọ mi ń fa ọ̀pá fítẹ́sì, kò mú nǹkan kan, bíréèkì kò sì lágbára tó ẹrù ẹ̀yìn wa.

"Di ilẹ̀kùn mú," ló wí.

Ó ya ọkọ̀ wọ oko ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ ń ṣẹ́ lábẹ́ wa títí a fi dúró. Kò sẹ́ni tó kú. Dẹ́lẹ́gẹ̀ wá wo oko náà, ó ní ọkọ mi ti ba ohun ọ̀gbìn ará ìlú jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, rédíò kéde láti Kútọnu pé láti ibi tí wọ́n ti ṣe irú kámíọ̀n bẹ́ẹ̀ ni fítẹ́sì wọn ti lábùkù, kí gbogbo wọn padà wá fún pípààrọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, dẹ́lẹ́gẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà wa.

"Bàbá, ẹ kú ilé o."

Ó ní Kétu ló kọ́kọ́ rí àbùkù náà nítorí ìṣọ́ra ìgbìmọ̀ òun, pé a ó fi àsíá àti orin sin ọkọ̀ náà jáde. Ọkọ mi ní fítẹ́sì ìfàsẹ́yìn tí òun fi wa ọkọ̀ jáde nínú oko ẹ̀gẹ́ nìkan ló kù, pé ẹ̀yìn nìkan ni ọkọ̀ lè rìn.

"Níwájú àsíá?" ni dẹ́lẹ́gẹ̀ wí. "Ìyípadà kì í padà sẹ́yìn."

"Lọ sọ fún fítẹ́sì," ni ọkọ mi dá a lóhùn.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè wọ́ ọ lọ, kámíọ̀n ògbólógbòó ti oníṣòwò mùsùlùmí kan láti Àjàṣẹ́, ẹni tí dẹ́lẹ́gẹ̀ máa ń pè ní amùjẹ̀ ará ìlú ní gbogbo ìpàdé. Dẹ́lẹ́gẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Oníṣòwò náà gbà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ amùjẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣáájú ọkọ̀ Ìyípadà lójú àwọn èèyàn. Nítorí náà, lọ́jọ́ ayẹyẹ, àwọn ọmọ iléèwé ń kọrin pé iwájú ni à ń lọ, ìgbìmọ̀ lódindi sì ń ti kámíọ̀n láti ẹ̀yìn, òógùn bò wọ́n. Wọ́n tì í dé ìsàlẹ̀ kọ́nà, níbi tí ọkọ̀ oníṣòwò ti fara pamọ́ sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n irin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti so ó.

Lẹ́yìn òjò, kámíọ̀n náà padà dé pẹ̀lú fítẹ́sì tuntun, ọkọ mi sì wà á fún ọdún púpọ̀ láìsí ìjàmbá. Wọ́n gbé dẹ́lẹ́gẹ̀ lọ sí ìlú tó tóbi ju tiwa lọ nítorí ìṣọ́ra rẹ̀. Ọkọ mi bá a di ẹrù, èmi ni mo sì se oúnjẹ tó jẹ kó tó lọ.